Ògiri Funfun Tó Ṣí Kúrò Nípò

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Kògbàgbé. Ọmọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló já okùn ìwọ̀ rẹ̀ létí omi lọ́jọ́ kan. Kò sunkún, kò jà, ó bá ọmọ náà ṣeré lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ọdún yí po, tí onítọ̀hún ti gbàgbé pátápátá, ló mú ọ̀bẹ, ó gé okùn tirẹ̀ náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ọmọ yẹn ń ké pé kí lòun ṣe, ó ní, "Bi ara ẹ." Bàbá rẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin yìí bí ìpẹ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń họ ẹja.

Nígbà tó dàgbà, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ń ṣe. Òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé àlejò lọ pẹja láàárọ̀ ní èbúté náà. Wọn kì í lọ sí agbami. Ibi tí wọ́n ń lọ, èèyàn ṣì ń rí ilẹ̀, ilé wà létí òkun bí páálí ìṣáná tí wọ́n tò. Òun ló ń fi edé sẹ́nu ìwọ̀ fún wọn, òun ló ń sọ ibi tí wọ́n máa jù ú sí, òun náà ló ń bá wọn yọ ẹja tí ẹ̀rù rẹ̀ bá ń bà wọ́n. Iṣẹ́ náà dà bí ti ẹni tó se ọbẹ̀ tán tó wá gbé ṣíbí fún àlejò pé kó bá òun rò ó díẹ̀, kí àlejò lè délé kó ní òun lòun sè é. Kò bí i nínú. Kí ẹja ṣáà ti wà.

Ẹja wà, nítorí ihò kan wà. Bàbá rẹ̀ ló rí i nígbà èwe rẹ̀: kòtò jíjìn kan nísàlẹ̀ omi, oníyanrìn dúdú, tí àwọn ẹja pupa ńlá máa ń kó ara wọn jọ sí. Kò sí òpó níbẹ̀, kò sí àsíá. Ilẹ̀ lèèyàn ń wò kó tó mọ̀ pé òun ti débẹ̀. Tí ògiri funfun tó wà lẹ́yìn ilé ìyá Kògbàgbé bá bọ́ sí abẹ́ tánkì omi orí òkè gẹ́lẹ́, tí igi tó tẹ̀ sì bo orí òrùlé ilé iṣẹ́ yìnyín, o ti wà lórí rẹ̀ nìyẹn. Àmì nìyẹn, àmì sì dà bí ìyàwó ẹni, a kì í fi han àlejò. Ìdí nìyí tí gbogbo atukọ̀ èbúté yẹn fi máa ń ní kí àlejò jókòó kọjú sí òkun. "Ẹ máa wojú omi, ẹ ò ní pẹ́ rí nǹkan." Àlejò á máa wo omi, atukọ̀ á máa wo ilẹ̀.

Bàbá rẹ̀ tún ní nǹkan kejì. Kó tó ju ìdákọ̀ró, á so òjé mọ́ okùn, á fi ọṣẹ tútù pa ìdí rẹ̀, á jù ú sísàlẹ̀. Tó bá fà á sókè tí yanrìn dúdú lẹ̀ mọ́ ọṣẹ, ó ti dé ihò. Tí ọṣẹ bá gbé ìkarahun wá, kó sún díẹ̀. Tó bá sì gòkè pẹ̀lú ojú tó ti ha yánnayànna, tí nǹkan kan ò lẹ̀ mọ́ ọn, kó sáré kúrò níbẹ̀, àpáta ni. "Ojú lè purọ́," bàbá náà máa ń wí. "Ọṣẹ kì í purọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ni, ó jù ú lọ, bọ̀dá ló ń pè é. Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo èbúté ń pè é, nítorí eyín rẹ̀ kì í rí ìsinmi. Nígbà tí Kògbàgbé yọ̀ ṣubú lórí pákó èbúté tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, Ẹlẹ́rìn-ín ló ní kò burú, òun á bá a wa ọkọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi san. Orí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ àmì fún un: ògiri, tánkì, igi, òrùlé. Ó sọ ti ọṣẹ náà fún un.

"Ọṣẹ kẹ̀?" Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹja fẹ́ wẹ̀ ni?"

Òfin kan wà níbẹ̀ tí wọn ò kọ síbì kankan: àmì tí wọ́n bá yá ọ, o gbọ́dọ̀ dá a padà. Bí ẹni tó ni ín bá ti dìde, o ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹsẹ̀ Kògbàgbé san. Ẹlẹ́rìn-ín ra ọkọ̀ tirẹ̀, orí ihò yẹn gan-an ló sì wà láràárọ̀. Ó tún gba dókítà eyín kan mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹni tó jẹ́ pé bàbá Kògbàgbé ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá ìwọ̀ mú, tí kì í jẹ́ kí ọdún lọ kí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ má wá.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn ún jù. Èyí tó dùn ún jù, ẹnu dókítà ló ti gbọ́ ọ, lórí èbúté, níwájú gbogbo èèyàn.

"A gbọ́ pé ẹ̀rù omi ti ń bà ọ́ látìgbà tí ẹsẹ̀ ti dá," ni dókítà wí, ó ń káàánú rẹ̀ tọkàntọkàn. "Má ṣèyọnu. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń mú wa lọ síbi tí bàbá rẹ̀ rí."

"Bàbá ta ni, sà?"

"Bàbá ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ní ihò bàbá òun ni."

Kògbàgbé wo ọ̀ọ́kán, Ẹlẹ́rìn-ín ń tú okùn ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú ìgbádùn, sà," ló wí. Ó bá wọn ti ọkọ̀ kúrò létí pákó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa ì bá ti sá lọ.

Ó gbà á tó ìgbà díẹ̀ kó tó rí ọ̀nà. Ó wà lójú omi lọ́jọ́ kan, ó ń wo ilẹ̀, àfi bí ẹni tí wọ́n gbá létí: ògiri ìyá mi kọ́ nìyí? Àwa la ni í, ta ló lè ní ká má yí ọ̀dà rẹ̀ padà?

Ilé káfíńtà ló tẹ̀ lé ilé ìyá rẹ̀. Òrùlé páànù kan náà, gíga kan náà, ẹ̀yìn àwọn méjèèjì kọjú sí òkun. Ọ̀dà funfun nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìṣísẹ̀ ilé kan ṣoṣo ni lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dójú omi lọ́hùn-ún, ilé kan yẹn á gbé ọkọ̀ kúrò lórí ihò, á gbé e sórí Àpáta Onírùngbọ̀n. Àpáta yìí, omi máa ń bò ó, ewéko sì hù sí i lára bí irùngbọ̀n. Tí ó bá gbé ìwọ̀ mì, kì í pọ̀ ọ́. Ìwọ̀ nìkan ló wà lọ́kàn Kògbàgbé. Ká má purọ́, ìdákọ̀ró náà wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Ẹlẹ́rìn-ín ti gúnlẹ̀, tí dókítà sì ti ní kó tún gbé àwọn lọ́la, Kògbàgbé gbé agolo ọ̀dà méjì, ọ̀kan aláwọ̀ ẹrẹ̀, ọ̀kan funfun, wọ ẹ̀yìnkùlé.

"Kí lo fẹ́ fi àwọ̀ ẹrẹ̀ yẹn kùn?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ògiri yín ni, ìyá mi."

"Funfun tí bàbá rẹ kùn fún mi?"

"Màá kùn ún padà."

Ìyá jókòó sórí àpótí. "Ọmọ mi, bí a ò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a ò ní rí ẹni bá ṣeré."

"Mi ò wá ẹni bá ṣeré, ìyá mi. Ẹ sún fún mi díẹ̀."

Káfíńtà ní tirẹ̀ kò béèrè nǹkan kan. Ó ní ó ti pẹ́ tí ògiri òun ti ń wá ẹni táá wẹ̀ ẹ́, kó má ṣàì kùn ún dé abẹ́ fèrèsé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òkun dákẹ́ rọ́rọ́ bí epo inú àwo. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà ni Kògbàgbé gbé, òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan ìwọ̀ rí láyé wọn. Ó tẹ̀ lé tánkì àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀ dé orí ihò, ó ju òjé, yanrìn dúdú gòkè. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì Ẹlẹ́rìn-ín dún bọ̀.

Ọkọ̀ náà yà bàrà. Ó kọjá wọn, ó lọ sí apá ọ̀tún. Ẹlẹ́rìn-ín dúró níwájú, ó na ọrùn wo ilẹ̀, ó rí ògiri funfun lábẹ́ tánkì, inú rẹ̀ dùn. Ó ju ọwọ́ sí wọn.

"Àbúrò mi, ibẹ̀ yẹn kọ́ o. O ti ṣìnà."

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá," ni Kògbàgbé dáhùn.

Kò ju òjé. Kò pa ọṣẹ. Ìdákọ̀ró bọ́ sómi gbì.

Ìwọ̀ dókítà ló kọ́kọ́ há. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí òun rò pé ẹja ńlá ló gbé e, tó ń fà á, tó ń pariwo kí wọ́n wá wò ó, títí okùn fi já tó fi jókòó gbì. Wọ́n so òmíràn, ó há. Ohùn wọn ń rìn lórí omi wá ketekete: ó tún ti há, ta ló ní ìwọ̀ kù, ṣé ẹja rèé ni àbí igi. Nínú ọkọ̀ Kògbàgbé, ìyàwó dẹ́rẹ́bà ti fa ẹja pupa tó tóbi bí ìrọ̀rí gòkè, ọkọ rẹ̀ sì ń jowú rẹ̀ gidigidi.

Omi ń fà. Díẹ̀díẹ̀, irùngbọ̀n àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i, ó sáré fa ìdákọ̀ró, ìdákọ̀ró kọ̀. Ó gé e, ó tan ẹ́ńjìnnì. Abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ gbá àpáta, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ọkọ̀ jókòó sórí òkúta bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀ láti ìdí.

"Ọmọ mi," dẹ́rẹ́bà wí, "nígbà tí mò ń wakọ̀, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá bà jẹ́ lójú ọ̀nà, a máa ń dúró fún un."

"Ẹni tó bá jí ọ̀nà ńkọ́, Bàbá?"

Bàbá rò ó. "Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí."

"Ẹ fa ẹja yín. Òkun ò bínú, kò sẹ́ni tó máa rì. A ń lọ."

Ìgbà tí bàbá fa ẹja tirẹ̀ wọ ọkọ̀ tó sì ti yangàn tán fún ìyàwó ni wọ́n tó lọ. Kògbàgbé rọra wà á. Ó dúró síbi tí okùn lè dé, ó sì di okùn mọ́wọ́.

"Ọlọ́run ló rán ọ, àbúrò mi," Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Jù ú."

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá. Màá jù ú. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù tí mo fẹ́ gbọ́. Ta ló rí ihò yẹn?"

Ẹlẹ́rìn-ín wo dókítà, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé irú ìgbà yìí là ń sọ ìyẹn?"

Ìgbì kékeré kan gbé ọkọ̀, ó sì gbé e kalẹ̀. Ìdí rẹ̀ ha àpáta bí ìgbà tí ṣíbí ń ha ìdí ìkòkò.

"Bàbá ni," ó wí.

"Bàbá ta ni?"

"Bàbá tìẹ. Bàbá rẹ ló rí i." Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí Kògbàgbé ti mọ̀ ọ́n, kò rí i kí ẹnu yẹn pa dé bẹ́ẹ̀ rí. Ó wò ó dáadáa, kó má bàa gbàgbé.

"Ẹ gbọ́, Dókítà?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ̀rù omi ńkọ́, sà? Ta ló ń bà?"

Dókítà wo bàtà rẹ̀ tó ti wà nínú omi. "Èmi ló ń bà báyìí."

Kògbàgbé ju okùn. Ó fa ọkọ̀ tirẹ̀ mọ́ tiwọn, ó kó dókítà àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló tú okùn, ó ká a.

"Èmi ńkọ́?" Ẹlẹ́rìn-ín béèrè.

"Omi tó lọ á padà, Bọ̀dá. Òun ló máa gbé yín." Ó ju korobá fún un pé kó máa gbọ́n omi, ó ju omi mímu sí i, ó sì ju ìyókù ọṣẹ lé e. "Ẹ mú ìyẹn dání. Ẹja lè fẹ́ wẹ̀."

Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀ ni ìròyìn tàn. Àwọn atukọ̀ yòókù kó ọkọ̀ jáde lọ wo Ẹlẹ́rìn-ín lórí àpáta. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń kí i kú ìjókòó, wọ́n ń bi í léèrè iye tó fi gba iyàrá níbẹ̀. Títí omi fi kún tó gbé e ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Kògbàgbé dúró létí pákó, ó ń wò wọ́n, inú rẹ̀ ń dùn bí ìgbà tí wọ́n ń ta omi tútù sí i lára nínú oòrùn.

Ohun tí kò rò ni pé ẹni tó bá lọ wo ẹlẹ́yà, ojú rẹ̀ kì í fọ́ lọ́nà. Láti orí omi ni wọ́n ti rí ògiri ìyá rẹ̀ tó di ẹrẹ̀, wọ́n rí ti káfíńtà tó funfun lábẹ́ tánkì gẹ́lẹ́, wọ́n sì rò ó papọ̀. Nígbà tó fi máa dé orí ihò lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ mẹ́ta ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ọ̀kan nínú wọn wí fún àwọn àlejò rẹ̀, ó nawọ́ sí Kògbàgbé. "Ọmọ ẹni tó ni ín nìyẹn. Ihò bàbá rẹ̀ la wà yìí."

Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn títí di òní: Ihò Bàbá Kògbàgbé. Ìyá rẹ̀ ní, "O rí i? Orúkọ ti dé, ẹja ti lọ." Kògbàgbé ní kò sóhun tó ṣe òun. Ó kun ògiri ìyá ní funfun padà, nítorí kò tún sí ẹni tó ń fi ṣe àṣírí. Òun náà ti ń wá ihò mìíràn, ọṣẹ òun òjé lọ́wọ́. Kò sì sí ẹni tó mọ àwọn àmì rẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín ṣì ń wá sí èbúté. Bó bá ti dé, á bá ọṣẹ kékeré kan lórí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ti gé dáadáa. Láràárọ̀ ló ń jù ú sómi. Láràárọ̀ ló tún ń bá òmíràn. Ó bẹ ẹ̀gbọ́n, ó bẹ àbúrò nínú ẹbí, kí wọ́n bá òun bẹ Kògbàgbé kó jẹ́ kó tó.

Wọ́n lọ bá a. Ó ń gé ọṣẹ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé, ó fún wọn níjòókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Ẹ bá mi kí Bọ̀dá. Ẹ sọ fún wọn pé ọṣẹ ò tíì tán nílé."