Àpáàdì Tí Mo Fọ̀

Ọdún tí kòrónà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni àbúrò ọkọ mi wá bá wa gbé ní Riverdale Park, lókè òkun níbí. Akọ̀wé ni mò ń pè é. Mo bá a nílé ọkọ, n kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ó tọ́jú ìwé ní yunifásítì nílé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bó bá gba ìsinmi, ó di ìdí ààfin àtijọ́ tó ti wó, ó ń wa ilẹ̀ ibẹ̀. Páálí àpáàdì kan ló kó wá láti ibẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Ó fẹ́ fi wọ́n kọ ìwé kó tó kú.

Lọ́jọ́ kan tó lọ sí ọsibítù, mo ní kí n ṣe é lóore. Mo fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ fọ gbogbo wọn tónítóní.

Ó dé, ó yí ọ̀kan padà. “Ìyàwó wa, àmì tí mo kọ sí i lẹ́yìn dà?”

“Mo ṣe bí ìdọ̀tí ni.”

“Òun ló ń sọ ibi tí mo ti rí i. Òun ni mo fẹ́ fi kọ ìwé.”

“Ìwọ tí o ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọ, o ò dá wọn mọ̀ ni?”

“Iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún ni kí n máa rántí lórí, ìyàwó wa?”

Kò bínú. Kò sì kọ ìwé náà mọ́ títí ó fi kú.

Àwọn ọmọ mi ní ikú ni kò jẹ́ kó kọ ọ́. Mo ní, “Ẹ má purọ́ mọ́ ikú. Èmi ni.”