Àgbo Tí Ìyá Mi Sè fún Ìyàwó Ilé Wa

Ìyá mi kì í bi obìnrin léèrè pé kí ló ń ṣe é. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé kí ló jẹ lánàá, ṣé ó ń rí oorun sùn, àti ta ni wọ́n jọ ń fa wàhálà nínú ilé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ obìnrin kì í ṣàdédé yà kúrò lọ́nà. Lẹ́yìn náà ni yóò wá pàṣẹ: kó fi omi dídì sílẹ̀, kó dín magí kù nínú ọbẹ̀, kó máa tètè sùn. Àgbo ló máa ń gbẹ̀yìn. Gbogbo obìnrin Broukro, àdúgbò wa, ló ń wá bá a, Dioula, Baoulé, àti àwa àlejò tí wọ́n ń pè ní Anago, pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n já iye owó sẹ́fà sí méjì, tí oògùn farmasí di ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ kò tó. Àwọn kan nínú wọn kì í yé sọ lọ́jà pé kí Anago máa lọ sílé wọn. Ṣùgbọ́n bí nǹkan oṣù wọn bá dàrú, wọ́n mọ ọ̀nà ilé Anago.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ká ìyá mi lára jù ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mẹ́rin ló ti lò nílé wa láìlóyún. Nǹkan oṣù rẹ̀ kì í bá oṣù rìn. Ó lè wá lónìí, kó di oṣù kẹrin kó tó padà wá. Ìyá mi kò bú u rí, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Sísè ló kàn ń sè. Ìkòkò méjì ló ní fún irú wọn. Àkọ́kọ́ ni ìfọnú, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ tó dúró wálẹ̀, tí aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Èkejì ni àgbo ọmọ, ẹ̀yìn ìfọnú ni wọ́n sì ń mu ún, torí pé, ó ní, ẹnìkan kì í gbin àgbàdo sínú oko tí kò ro.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń ṣa ewé lẹ́yìnkùlé, èmi àti ìyàwó wa. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi lé ikùn rẹ̀.

“Ọkọ mi, ó jọ pé ó ti dé o. Oṣù kejì rèé, èébì kì í jẹ́ n gbádùn láàárọ̀.”

Mo fẹ́ pariwo, ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá. Ẹ má tiẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ jẹ́ kí ó yọ fúnra rẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn. A kì í ròyìn oyún. Ikùn ló ń ròyìn ara rẹ̀. Mo búra fún un. Mo ní kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, ó ní kátì séjúù òun, ìwé ìgbélùú àlejò, ti kọjá ọjọ́, àwọn ọlọ́pàá sì wà lójú ọ̀nà.

Ìyá mi ń ka oṣù fún un, bó ṣe ń kà á fún gbogbo wọn. Ó rí i pé oṣù méjì ti lọ láìsí nǹkan kan. Lójú tiẹ̀, àìsàn àtijọ́ ló padà dé. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà Sakassou, mo bá a nídìí ààrò, òórùn èèpo igi ìfọnú sì gba gbogbo àgbàlá.

“Ta lẹ ń sè é fún, Màmá?”

“Ìyàwó ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á ti tutù, á mu ún.”

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó ti jáde, ọkọ̀ ń fun fèrè níta, ẹrù aṣọ tí mo fẹ́ lọ tà ní Sakassou sì ti wà lórí rẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé màá ti dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ bá ìyàwó sọ ọ́, kí ó tú mi sílẹ̀ nínú ìbúra, kí n má baà di ẹni tí kò lè pa àṣírí mọ́. Òmùgọ̀ ni mí. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Nígbà tí a ń bọ̀, wọ́n dá wa dúró ní baràjì, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, wọ́n ya àwa Anago sọ́tọ̀. Kátì tèmi pé, kò sí àléébù lára rẹ̀. Jandáàmù kan, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, wò ó, ó wo ojú mi, ó fi í sápò, ó ní kí n lọ jókòó sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Dioula, mo bẹ̀ ẹ́ ní Faransé, mo ní aláìsàn wà nílé. Ó bi mí bóyá èmi ni dókítà. Oòrùn wọ̀ kí ó tó dá ìwé mi padà, kò sì sọ ohun tí mo ṣe.

Ife òfìfo ni mo bá nílé. Ìyàwó wa kò mọ ìkòkò kan yàtọ̀ sí èkejì. Ohun tí ìyá ọkọ bá gbé fún un ló ń mu. Mo wò ó bó ṣe ń fọ abọ́, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, mi ò lè sọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo bẹ Ọlọ́run pé kí oògùn ìyá mi má jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó di ọ̀sán, inú rírun bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dé. Ó di ọwọ́ mi mú lórí ẹní, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìyá mi wọlé, ó rí ìró tí ẹ̀jẹ̀ ti rin, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Alhamdulillahi! Ó ti wá! Inú ti mọ́ wàyí. Ọ̀la la ó bẹ̀rẹ̀ àgbo ọmọ. Ọlọ́run á fi ọmọ sí i.”

Ìyàwó wa kọjú sí ògiri. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹni tí yóò gbe àdúrà náà lẹ́sẹ̀.

Mo ní, “Àmín, Màmá.”