Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Verlyn Tà

Àwa àgbẹ̀ Torvik la fọwọ́ ara wa dìbò lé Verlyn Haugstad lọ. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òun fúnra rẹ̀ ló bínú lọ.

Ó pẹ́ tó ti ń ṣe máníjà àká ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ibi tá à ń ta àlìkámà wa sí. Ọkùnrin gíga, tí kì í rẹ́rìn-ín, fìlà kan ṣoṣo ló sì ní. Àlejò á rò pé àlìkámà rírà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní North Dakota níbí, ta ló ń wá àlìkámà tì? Ọkọ̀ tí yóò gbé e dé etí òkun ni wàhálà.

Àwọn onírélùwéè máa ń lu ọkọ̀ wọn ní gbàǹjo kí ìkórè tó dé rárá. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ kan, àádọ́fà àpótí onírin tí wọ́n so mọ́ra, tirẹ̀ ni fún ọdún kan. Yóò máa kún lọ, yóò máa ṣófo bọ̀. Bó bá dé tí o kò rí nǹkan kó sí i, owó ìtanràn rèé. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ pé òun ò ní rí i kún á ta ìrìn ẹ̀ẹ̀kan fún àká mìíràn. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹnì kan á ní “mo tà á”, èkejì á ní “mo rà á”, ó parí. Ìwé á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò oṣù kẹjọ kò dá. Àlìkámà gbó tán lóko, ẹ̀rọ ìkórè kò lè wọ inú ẹrẹ̀. Àká ṣófo, ọkọ̀ sì ti ń bọ̀. Verlyn wo ojú ọ̀run títí, ó gbé fóònù, ó sì ta ìrìn náà fún Lorraine Pfeifer, máníjà àká Rennick, ìlú tó wà níwájú wa lójú irin kan náà. A ò fẹ́ràn àwọn ará Rennick.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, oòrùn ràn ganrínganrín. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ dé. Gbogbo wa dà sóko lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì pẹ́ tí àká fi kún dẹ́nu. Èyí tó kù, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn àká la dà á sí, ó ga bí ilé. Curtis, àbúrò Verlyn, ló kórè kẹ́yìn, gbogbo tirẹ̀ ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi ń mu kọfí ní ọ́fíìsì nígbà tó wọlé.

“Verlyn, ọkọ̀ dà?”

“Mo ti tà á.”

“Ta ló ní kóo tà á?”

“Òjò ni.”

“Òjò ti dá! Pe obìnrin yẹn, sọ fún un pé o ò tà mọ́.”

“Mo ti ní mo tà á, Curtis.”

“Ṣé o ti tọwọ́ bọ̀wé ni?”

“Ìwé ò tíì dé.”

“Ẹn-ẹ́n! Ẹnu lásán nìyẹn.”

“Ẹnu mi ni.”

“Màmá wa ló bí ẹ o, kì í ṣe Lorraine!”

Mo rẹ́rìn-ín. Curtis wò mí, mo yáa gbájú mọ́ kọfí mi.

Verlyn pe Lorraine lójú wa. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó tà á padà fóun, iye yòówù tó bá pè é.

“Verlyn, kí ni màá wá sọ fáwọn tèmi?” Lorraine dáhùn. “Tiwọn náà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.”

“Mo mọ̀. Mo ní kí n béèrè ni.”

“O ṣeun tó o béèrè.”

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà ń lọ sí Rennick, àárín ìlú wa ló gbà. Igi ìdábùú sọ̀ kalẹ̀ lójú títì, àwa pẹ̀lú ọkọ̀ àlìkámà wa tò sẹ́yìn rẹ̀, àwọn àpótí òfìfo ń kọjá níwájú wa, wọn ò tán bọ̀rọ̀. Curtis bọ́ sílẹ̀, ó tutọ́. Verlyn jáde ní ọ́fíìsì, ó dúró láàárín wa títí èyí tó kẹ́yìn fi kọjá. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Òjò padà dé. Òkìtì náà rin, ó sì hù, ẹni tó ń sin màlúù ló rà á ní ọ̀pọ̀. Curtis ta ilẹ̀ kan tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún un. Nígbà òtútù, a pàdé ní yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, a dìbò. Èmi dìbò pé kó dúró, kì í ṣe torí ìfẹ́ o: àlìkámà tèmi ti wà nínú àká kí òjò tó padà dé. Curtis nawọ́ pé kó lọ, ó ń wo ilẹ̀.

A gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Brett. Ìkórè tó tẹ̀ lé e, òun náà ta ìrìn kan lórí fóònù, oòrùn yọ lójijì, Brett ní òun ò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. A kó ọkọ̀ náà kún. A pàtẹ́wọ́ fún un, àwọn ìyàwó wa sè fún un.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan kò tó ìkórè wa rí. Èyí tó kù, ọwọ́ àwọn àká mìíràn la ti ń rà á. Láti ọjọ́ náà, bí Brett bá ti pè, kò sẹ́ni tó ní ọkọ̀ tí yóò tà fún un. Àká kún, kò rí ibi gbé e lọ, bó ṣe di pé kò rà lọ́wọ́ wa mọ́ nìyẹn.

Rennick la wá ń kó àlìkámà lọ báyìí. Lorraine ti gba Verlyn síbẹ̀, òun ló ń bá wọn ra ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn Curtis ni mo tò sí. Àká tiwọn náà ti kún. Òjò ṣú níwọ̀ oòrùn.

Verlyn yọjú lójú fèrèsé, fìlà yẹn náà ló dé.

“Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló kù,” ó ní. “Ọkọ̀ mi ń bọ̀ lọ́la.”

Curtis wo ojú ọ̀run, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò bi í pé ìwé dà. Ó wakọ̀ rẹ̀ síwájú, ó sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.