Ìran Tó Dàgbà Jù Wá Lọ

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 1996, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú méje, ni ọ̀gá wa dìde lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, tó ní òun fẹ́ gbé ipò olórí sílẹ̀. Àkókò yẹn dá mi lójú, torí èmi ni mò ń kọ ìgbà tí kálukú dé sínú ìwé, aago ara ògiri sì wà níwájú mi. Ohun tí kò dá mi lójú ni pé ó fẹ́ gbé e sílẹ̀ lóòótọ́.

Ilé-iṣẹ́ wa wà ní Ore, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí òpópónà márosẹ̀. Bí tírélà bá ń kọjá, tábìlì á máa gbọ̀n, lẹ́tà ojú kọ̀ǹpútà náà á sì máa gbọ̀n. Kọ̀ǹpútà méjì la ní, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń ṣiṣẹ́ bí epo bá wà. Láyé ìjọba ológun yẹn, epo kì í sábà sí. Ọ̀gá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ fún àlejò pé ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà Kristẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà nìyí. N kò mọ ẹni tó bá a ka ti Áfíríkà yòókù.

Ètò kọ̀ǹpútà fún ilé àdúrà là ń tà. Àwọn ìjọ Aládùúrà agbègbè wa kì í fi ìran ṣeré. Bí ẹnì kan bá ríran, akọ̀wé á kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rí i. Ìwé á kún, ikán á jẹ ẹ́. Ètò tiwa ń gba ìran sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ kọ ọjọ́ sí i, ó sì lè wá gbogbo ìran tó kan ọ̀rọ̀ kan jáde kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Sístà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣe ètò náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọ̀gá ló ṣe é, ọ̀gá gan-an sì wà lára àwọn tó gbà bẹ́ẹ̀.

Sístà yìí fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ nígbà tí mo jáde yunifásítì, tí mo sin ilẹ̀ baba mi tán, tí mo sì rí i pé ilẹ̀ baba mi kò ní iṣẹ́ kankan fún mi. Ó ti kọ́kọ́ fi àyè kan sínú ètò náà tó ń béèrè pé: Ṣé ìran yìí ti ṣẹ? Àyè yẹn gan-an ni àwọn oníbàárà kò fẹ́. Wòlíì kan láti Àgọ́ Aláayè jókòó tì í títí, ó ní, "Ọmọ mi, kí ló kan kọ̀ǹpútà níbẹ̀?" Ọ̀gá ní ká yọ ọ́ kúrò. A yọ ọ́.

Sístà ni ọ̀gá nawọ́ sí lọ́jọ́ Sátidé náà, ó ní obìnrin náà ni yóò jókòó sórí àga òun. Lásìkò yẹn, iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ fún Sístà ní Àkúrẹ́. Mo rí lẹ́tà rẹ̀: wọ́n ní kó fèsì kí oṣù náà tó parí. Nítorí ìlérí ọ̀gá, ó kọ̀wé sí wọn pé òun kò wá mọ́. Èmi ni mo bá a tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá dá láti gbé ipò sílẹ̀, epo wọ́n, ó ní kò ṣeé ṣe. Èkejì, ó ní òun wà nínú ààwẹ̀. Ojoojúmọ́ sì ni rédíò ń sọ bí àwọn sójà yóò ṣe gbé ìjọba fún alágbádá. Ọlọ́kadà tó máa ń gbé ọ̀gá lọ sílé kò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin náà fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀."

"Ṣé mo jọ sójà lójú ẹ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ọjọ́ tí sójà ń dá máa ń jìnnà. Tiyín súnmọ́ dáadáa, kì í kàn dé ni."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣì fẹ́ iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ kẹta bọ́ sí Sọ́ńdè kejì nínú oṣù kejìlá. Kó tó dé, wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tí iná dé, bátìrì kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà ńlá rántí ọjọ́ ti kú. Láti ìgbà náà, bí a bá tan ẹ̀rọ ọ̀hún, yóò kọ́kọ́ béèrè pé ọjọ́ wo la wà. Bí èèyàn bá tẹ ọjọ́ sí i, ó gbà. Bí èèyàn bá fò ó kọjá, ẹ̀rọ á gbà pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980 la wà, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe é ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. A sọ fún ọ̀gá pé bátìrì ti kú. N kò rántí pé a ṣàlàyé ohun tí ikú rẹ̀ ń fà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sọ́ńdè náà, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, mo ti ibi tí mo ti lọ jẹun dé, mo bá ọ̀gá nídìí kọ̀ǹpútà ńlá. Kì í sábà fọwọ́ kàn án. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ní òun ń kọ àdúrà. N kò yọjú wo ohun tó ń kọ. Mo ti kábàámọ̀ ìwà ọmọlúàbí yẹn tó.

Ilé àdúrà ọ̀gá ní Odigbo la ti ṣe ayẹyẹ náà. Ọkọ̀ tó ń kó kòkó la fi gbé kọ̀ǹpútà ńlá, tí ìran ìjọ wọn wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti jẹnẹrétọ̀ lọ. Sístà wọ sùtánà funfun, ó kúnlẹ̀ lórí ẹní. Àṣà ibẹ̀ ni pé wọn kì í fi òróró yan ẹnikẹ́ni sípò láìjẹ́ pé wọ́n ka gbogbo ìran tó kan ipò náà sétí ìjọ. Bí ìran méjì bá takora, èyí tó dàgbà jù ló ń borí, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń ṣáájú àbúrò. N kò mọ ẹni tó dá àṣà yìí sílẹ̀, àmọ́ mo fura pé àgbàlagbà ni.

Wòlíì ìjọ náà ní kí n wá ìran jáde. Mo tẹ "olórí ilé-iṣẹ́". Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ké títí, ó ti ìwé méjì jáde. Wòlíì ka àkọ́kọ́: ní oṣù kẹjọ, ìyá kan tó ń fún epo pupa ti rí obìnrin kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó di ìdì kọ́kọ́rọ́ mú. Ìjọ ṣe àmín. Ó mú ìkejì.

"'Olùṣọ́ kò gbọdọ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ títí Èmi yóò fi pè é.'" Ó wo ọjọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó tún un wò. "Ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1980!"

Ilé àdúrà mì tìtì. Ọdún 1991 ni ọ̀gá dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn mi pariwo pé, "Ọlọ́run ti mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó ra tábìlì!" Ọ̀gá dojú bolẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Mo fẹ́ sinmi o! Gbogbo yín lẹ gbọ́, mo fẹ́ sinmi. Ọlọ́run ni kò gbà."

Mo nawọ́ sókè. N kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ohùn mi sì kéré.

"Ẹ dákun sà, bátìrì ẹ̀rọ yìí ló kú."

Wòlíì wò mí tàánútàánú. "Bátìrì ló kú, ọmọ mi. Ọlọ́run kò kú."

"Àmín!"

"Sà, kò sí kọ̀ǹpútà yìí ní 1980. Ta ló wá tẹ̀ ẹ́ sí i?"

"Ohun tí gbogbo wa ń bi ara wa nìyẹn!" ni Wòlíì wí, wọ́n sì dá orin sílẹ̀. Mo na ìwé náà sí i, kó rí i pé níbi orúkọ ẹni tó ríran, "Ẹ̀mí" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìyẹn ló mú kí orin náà ròkè sí i. Sístà dìde lórí ẹní, ó gbọn orúnkún aṣọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gá wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ó lè jẹ́ pé àdúrà ló kọ lóòótọ́, tí kò mọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ fi sí i, tí ẹkún rẹ̀ sì jẹ́ ẹkún òtítọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó mọ̀. Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́ ni pé n kò tíì gbọ́ àdúrà tí ẹni tó ń gbà á ń pe ara rẹ̀ ní Ọlọ́run.

Ní Mọ́ńdè, mo tan ẹ̀rọ náà, mo fo ọjọ́ kọjá, mo kọ ọ́ sínú àyè ìran pé "Mo jẹ ẹ̀bà". Ó gbé e jáde pẹ̀lú ọdún 1980. Mo mú ìwé náà tọ ọ̀gá lọ. Ó kà á dáadáa.

"Ṣé o ò jẹ ẹ̀bà ní 1980 ni?"

"Mo jẹ ẹ́, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ó dá ìwé mi padà.

Sístà ti ń kó ẹrù.

"Sístà, wọ́n rẹ́ yín jẹ."

"Nígbà wo? Ní 1980?" Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Àbúrò, iṣẹ́ Àkúrẹ́ yẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ̀ ọ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo sìn ín lọ sí gáréèjì Ore. Ó ń lọ sí Àkúrẹ́ láti béèrè bóyá àyè náà ṣì ṣófo.

"Wọ́n á ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀," ó ní.

"Ó ṣeé ṣe," ni mo dáhùn. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń tu èèyàn nínú.

Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń ké pé ó ku ẹnì kan péré. Mo ka ìjókòó mẹ́rin tó ṣófo. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn kan sọ pé ó rí iṣẹ́ náà gbà. Àwọn mìíràn ní kò rí i, pé ìwé ló ń bá àwọn èèyàn tẹ̀ níbì kan. N kò rí ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i nínú gbogbo wọn. Ohun tí èmi rí ni pé ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ìlà kẹta, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, bọ́ọ̀sì náà sì yà sí ọ̀nà Oǹdó.