Kọ́nẹ́ẹ̀lì Tó Fẹ́ Padà Di Sájẹ́ǹtì

Gbogbo Ìsọlọ̀ ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí olóògbé Kọ́nẹ́ẹ̀lì Abórìṣàdé rán àmì sájẹ́ǹtì mọ́ apá aṣọ ológun rẹ̀, tó gba ọ́fíìsì tó ń san owó ìfẹ̀yìntì lọ. Kúnbi ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, ìtìjú ń pa á.

"Ẹ dá mi padà sípò sájẹ́ǹtì."

Akíntáyọ̀, akọ̀wé ibẹ̀, ti ṣiṣẹ́ ológun lábẹ́ baba rí. Ó fò dìde. "Kò ṣeé ṣe, sà!"

"Kí ló dé? Ẹ ní owó ọ̀gá ológun ti kọjá ààlà, ẹ gé owó orí níbẹ̀. Ti sájẹ́ǹtì kò kọjá ààlà. Ọta ìbọn tó wọ̀ mí nítan, ṣé ó béèrè ipò mi?"

"Rárá, sà!"

"Ẹ wá gé owó orí lára òun náà. Ó ṣì wà ńbẹ̀!"

Ẹ̀rín gba ọ́fíìsì. Kúnbi kò rẹ́rìn-ín. Owó tí wọ́n gé yẹn ni baba fẹ́ fi ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún Màmá, ìyá Kúnbi. Irú ìlú wo ló ń gbé èèyàn ga, tó tún ń fi gíga náà jẹ ẹ́ níyà?

Láti ọjọ́ náà ni baba ti ń sá fún ipò. Àwọn onílé àdúgbò ní kó wá ṣe alága, ó lanu. "Alága kẹ̀? Ẹ fi mí ṣe igbákejì ẹni tó ń ṣí géètì!"

Ní ọjà Aswani, Fawziyyah aláṣọ kí i pé, "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gágun."

"Ta ni ọ̀gágun? Kọ́púrà ni mí, mi ò tiẹ̀ tó sájẹ́ǹtì."

"Kọ́púrà kì í ra léèsì fún ìyàwó, sà."

Baba ronú díẹ̀. "Ó dáa. Nítorí Màmá Kúnbi, máa pè mí ní ọ̀gágun."

Lásìkò òjò tó kọjá ni baba kú. Owó náà kò padà. Ojú ọ̀tún Màmá ti fọ́ kí baba tó lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú baba, ọ́fíìsì yìí kan náà ránṣẹ́: kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ wá fi hàn pé òun ṣì wà láàyè.

Kúnbi gbé fìlà ológun baba lọ síbẹ̀. Ó là á mọ́ tábìlì Akíntáyọ̀.

"Òun nìyí. Ẹ bi í léèrè bóyá ó wà láàyè!"

Èébú kù lẹ́nu rẹ̀, ó pọ̀. Ṣùgbọ́n Akíntáyọ̀ dìde. Ó nàró ṣánṣán, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ó kí fìlà náà bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá ológun. Omi ń dà lójú rẹ̀. Kúnbi gbé èébú rẹ̀ mì.

Nígbà tó délé, ó ròyìn fún Màmá, tó fi ojú òsì rẹ̀ kan ṣoṣo wo fìlà náà títí.

"Ṣé ó kí i dáadáa?"

"Dáadáa ni, Màmá."

Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ nu eruku orí fìlà. "Baba rẹ ìbá ní ìgbọ̀nwọ́ Akíntáyọ̀ kò ga tó."