Ìkọ́kọrẹ́ Tí Ìyá Wa Sè fún Àwọn Àlejò

Ariwo "Góòò!" láti ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ẹ̀yìnkùlé wa ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lánàá. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó, ẹ tún ń bára yín jà nítorí wọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde, láàárín àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ ìlú wa nìkan la mọ̀, Bùrọ̀dá mi Múfú sì ni aṣọ́lé wọn. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹsẹ̀ kì í gbèrò ní pápá ìṣeré wa. Àwọn ará Ayépé àti Ìbẹ̀fun á ti dé láti àárọ̀.

Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ wa jìyà títí ó fi ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo. Bí a bá gbá ọ̀mì, a yè. Bí wọ́n bá nà wá, a já sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ nìyẹn. Bàbá wa, Alhaji, tí wọn ò fẹ́ rí bọ́ọ̀lù sójú, búra fún Bùrọ̀dá mi pé: "Bí ẹ bá fi já, o ti gbá bọ́ọ̀lù mọ. Ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì mi ń dúró dè ọ́." Odidi ọjọ́ méjì, Bùrọ̀dá Múfú kò lè fẹnu kan oúnjẹ.

Ìyá wa ò lè máa wò ó níran. Ilé kan ló máa ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù àlejò lóúnjẹ kí wọ́n tó wọ pápá. Ìyá wa sáré lọ gba iṣẹ́ náà. "Ẹni tó bá yó bámúbámú, báwo ló ṣe fẹ́ sáré?" ni wọ́n bi mí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rin ewùrà, wọ́n se ìkọ́kọrẹ́ ìkòkò méjì, ẹja gbígbẹ ń yọjú, epo ń ṣàn, a sì gbé e lọ sí pápá.

Àfi bí olórí àwọn àlejò ṣe dọ̀bálẹ̀: "Ẹ ṣeun, ìyá wa. A ti jẹ búrẹ́dì lọ́nà." Ìyá wa bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò tọ́ ọ wò.

Ká tó palẹ̀ mọ́, òórùn ẹja ti dé yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwa ti ń múra. Wọ́n ti yí ìkòkò ká, Bùrọ̀dá mi ló ṣíwájú.

"Múfú! Ẹ̀yin kọ́ ni mo sè é fún o!"

"Ẹ má bínú, Màámi, ebi ń pa mí ni."

Àwo mẹ́ta ló jẹ.

Ẹ ò bá rí wọn lórí pápá! Bí aláboyún ni wọ́n ń rìn. Ọlọ́hun ló yọ wá tí àwọn àlejò ò fi gbá a wọlé, àfìgbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ tí rẹfirí fọn fèrè pẹnáritì fún wọn. Ìyá wa fi ìborùn bojú. "Yéè, mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi!"

Ẹni tó fẹ́ gbá a rò pé aṣọ́lé á fò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ló bá gbá a sí àárín. Bùrọ̀dá mi fẹ́ fò lóòótọ́, ẹsẹ̀ ló kọ̀. Gbì! Bọ́ọ̀lù bà á níkùn, ó ta padà. Òdo sí òdo! Àṣé Alhaji ti fara pa mọ́ sẹ́yìn èrò látàárọ̀. Wọ́n ju fìlà sókè, wọ́n ń pariwo, "Ọmọ mi nìyẹn! Ọmọ mi nìyẹn!" Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ sìmẹ́ńtì nílé wa lọ́dún náà.

Ẹgbẹ́ yẹn ti tú ká báyìí, Bùrọ̀dá mi sì ti ní ọmọ-ọmọ. Ìyá wa ti lọ, kí Ọlọ́hun forí jìn wọ́n. Àárò wọn ń sọ mí gan-an. Títí wọ́n fi kú, wọn ò gbà pé àwọn ṣe àṣìṣe kankan. Bí Bùrọ̀dá mi bá ti ń fọ́nnu fún àlejò nípa pẹnáritì tó mú, wọ́n á wò ó títí, wọ́n á ní:

"Múfú, jókòó. Èmi ni mo mú un."