Déè Ni Wọ́n, Híì Ni Ó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí ṣe ń fọ́ ènìyàn ní ọ̀sán gangan, kó lọ ṣe tíṣà ní Ọ̀fà nígbà tí réluwé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí wọ́n sì ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní ìtàn àwọn òrìṣà Gíríìkì. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe é. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, mo ní kóòtù kan àti bàtà kan, mo sì rò pé mo gbọ́n.

Òyìnbó tó jẹ́ alábòójútó ilé ìwé wa ló fà á. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń wọ ọkọ̀ réluwé wá láti ọ̀nà Òṣogbo láti wò wá. Ó ní kò sí ẹni tó lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dójú àmì bí kò bá mọ ìtàn àwọn ará Gíríìkì àtijọ́. Ó fi ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya ránṣẹ́ sí mi, ó sì pàṣẹ pé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ kọ ìtàn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, òun yóò máa kà á bí òun bá dé.

Ẹ wò ó ná. Ní ọjọ́ Àìkú, oníwàásù á ní kí àwọn ènìyàn kó òrìṣà ilé bàbá wọn dànù. Ní ọjọ́ Ajé, èmi á ṣí ìwé, n óò máa ka ti àwọn ẹlòmíràn fún ọmọ wọn. Ọmọbìnrin kan bi mí léèrè pé, "Tíṣà, ṣé àwọn ti Gíríìkì yẹn kì í ṣe òrìṣà ni?" Mo ní ìtàn lásán ni. Ó ní, "Ìtàn ni tiwa náà." Mo ní kó jókòó.

Ìwé tí wọ́n ń kọ wá fún mi kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kà lórí ìjókòó kan. Mo sọ ìtàn ọkùnrin tó lọ jí iná lọ́dọ̀ àwọn òrìṣà, ọmọ kan kọ ọ́ pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni ọkùnrin náà, nítorí ènìyàn kì í jí iná, ń ṣe là ń mú àpáàdì dání lọ fọnná nílé aládùúgbò. Mo sọ ti ọmọbìnrin tí ọba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gbé sá lọ, ẹnìkan fi ojú ìwé kan àti ààbọ̀ béèrè ẹni tó ṣe alárinà. Èyí tó burú jù ni ti alágbára tó bá òmìrán tó ń gba agbára láti inú ilẹ̀ jà, tó gbé e kúrò nílẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè tán. Gbogbo kíláàsì dìde. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kò sí ẹni tó lè kọ́ àwọn: ẹni tí wọ́n gbé sókè kò tíì ṣubú, ẹ̀yìn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá ló kọ ọ́ pé ọkùnrin Gíríìkì náà kò borí. Mo káwọ́ lérí.

Ṣùgbọ́n eré ni gbogbo ìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n.

Ní ayé ìgbà náà, àgbà pẹ̀lú ọmọdé ló jọ ń jókòó ní ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n tí mo ń wí yìí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, jẹ́ àgbẹ̀ láti Òjòkú, wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta, wọ́n sì fi ọdún mẹ́tàlá jù mí lọ. Orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń jókòó sí, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, síléètì á wà lórí rẹ̀. Èmi ń pè wọ́n ní ẹ nítorí pé wọ́n jù mí lọ. Àwọn náà ń pè mí ní ẹ nítorí pé tíṣà ni mí. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n." "Ẹ ṣeun, Tíṣà." "Ẹ ka tiyín." "Mo ti gbọ́, ẹ kú iṣẹ́." Báyìí là ń ṣe títí àwọn ọmọ á fi máa rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń pè wọ́n ní wọ́n nígbà náà ni mo ṣe ń pè wọ́n di òní.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n ń wá kò fara sin. Ọ̀gá tésàn réluwé fẹ́ gba ọmọ ilẹ̀ wa kan tí yóò máa wọn ẹrù, tí yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n àfi kí òyìnbó alábòójútó kọ lẹ́tà fún ẹni náà. Nítorí lẹ́tà yìí, ẹ̀gbọ́n ti fi oko sílẹ̀ fún ìyàwó wọn fún ọdún mẹ́ta gbáko. Àwọn àbúrò wọn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní "ọmọ ilé ìwé onírùngbọ̀n." Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Òjòkú, wọn kì í pẹ́ dé. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i gbà. Bóyá mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ ju bí àwọn fúnra wọn ṣe fẹ́ ẹ lọ.

Nígbà tí a dé orí ìtàn òrìṣà àgbà tó ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mì, ẹ̀gbọ́n kọ odidi ojú ìwé kan. Ìkọ̀wé wọn tò bí ebè. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo tó yẹ kí "híì" wà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹnì kan, "déè" tó wà fún ènìyàn púpọ̀ ni wọ́n kọ. Déè bí ọmọ, déè gbé ọmọ mì, inú déè kò sì dùn. Mo fi íńkì pupa fa igi sí i títí ìwé fi dà bí ojú ẹni tó kọlà. Mo pè wọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni mélòó ló gbé ọmọ mì?"

"Ẹnì kan ni, Tíṣà."

"Kí ló wá dé tí ẹ kọ déè?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni nǹkan ń ṣe. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sójú pátákó: déè ni wọ́n, híì ni ó. Bàbá ọlọ́mọ púpọ̀ ni wọ́n. Ṣé kí n wá máa pe bàbá arúgbó ní ó ni?"

"Ó gbé ọmọ rẹ̀ mì, ẹ̀gbọ́n!"

"Wọ́n ṣe é, kò dáa. Ṣùgbọ́n àgbà náà ṣì ni wọ́n."

Lóòótọ́ ni, èmi ni mo kọ ọ́ sójú pátákó. Mi ò ronú kan àgbà nígbà tí mo ń kọ ọ́. Mo ṣàlàyé pé Gẹ̀ẹ́sì kì í fi irú ọ̀rọ̀ yẹn bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan. "Ọba wọn ńkọ́?" Mo ní híì ni. "Bàbá tó bí wọn ńkọ́?" Mo ní híì ni. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ó mà ṣe o," wọ́n sì padà lọ jókòó.

Ọ̀sẹ̀ méje la fi fa ọ̀rọ̀ yìí. Bí mo bá pa déè kan níbí, méjì á hù lọ́hùn-ún. Ó sú mi, ó sú mi dé ibi pé mo jágbe mọ́ wọn lọ́jọ́ kan níwájú àwọn ọmọdé. Ojú tì mí lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló tún ń bẹ̀ mí: "Ẹ má bínú, Tíṣà. Ọwọ́ mi ló ń kọ̀ ọ́." Nígbà tó yá, ọwọ́ náà gbà. Wọ́n ní àlejò kúkú ni àwọn òrìṣà yìí, wọn ò mọ ẹnì kankan ní Òjòkú. Ní ọ̀sẹ̀ tí òyìnbó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n kọ odidi ìtàn kan, híì ló kún inú rẹ̀, mi ò rí ibi tí mo lè fi íńkì pupa kàn. Inú mi dùn débi pé mo ká ìwé náà mọ́ àyà.

Òyìnbó dé tòun ti òógùn. Ó ń ka ìwé, ó ń jù wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ti ẹ̀gbọ́n, ó kà á dé òpin, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú bébà lẹ́tà jáde nínú àpò rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti ki ojú gègé bọ íńkì. Ó wá bi ẹ̀gbọ́n, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ dápàárá, pé irú iṣẹ́ wo ni bàbá wọn ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n dìde. Láti ẹ̀yìn òyìnbó, mo ń fi ètè ṣe híì, híì. Wọ́n rí mi. Wọ́n gbé ojú kúrò lára mi.

"Déè ni àgbẹ̀, sà," ni wọ́n wí ní Gẹ̀ẹ́sì. "Déè ti darúgbó."

"Bàbá rẹ nìkan ni mo bi ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Déè wà ní Òjòkú."

"Bàbá mélòó lo ní?"

"Ọ̀kan, sà."

"Tún un sọ dáadáa nígbà náà."

Ẹ̀gbọ́n kò tún un sọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n sọ; èmi ni mo kọ́ wọn, mo mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ wọn méjèèjì wà lẹ́yìn.

Òyìnbó yí sí mi. Ó ní ṣé èmi ni mo bá ọkùnrin yìí kọ ìwé tó wà lọ́wọ́ òun, àbí báwo ni ẹni tó kọ irú èyí kò ṣe mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹnì kan àti ènìyàn púpọ̀. Gbólóhùn kan péré ni ìdáhùn ìbéèrè yìí: bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún bàbá wa nìyẹn, sà. Ó wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n òógùn ti bò mí lábẹ́ kóòtù, ẹ̀rù iṣẹ́ mi ń bà mí, mo sì rí i pé inú ń bí òyìnbó náà.

Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló kọ ìwé náà, èmi ni mo ti ń ṣe àtúnṣe sí ìkọ̀wé wọn fún ọ̀sẹ̀ méje. Mo ní, "Híì kò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, sà. Orí híì ló le. Mo ti gbìyànjú."

Òyìnbó ká bébà náà padà sínú àpò. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè gbọ́ ọ.

Nígbà tí a túká, wọ́n kó síléètì wọn, wọ́n wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́.

"O ṣé," ni wọ́n wí.

Wọ́n kọrí sí ọ̀nà Òjòkú. Ẹ̀tọ́ wọn ni, ọmọ kékeré ni mí sí wọn.